Ọ̀kẹ́rẹ́ Orí Ìrókò: Nàìjíríà àti Benin lójú ará Yewa

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, nígbà tí Gánà gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, a kó ara wa jọ sí pálọ̀ bàbá mi ní Ìlaròó, à ń wo Benin àti Ivory Coast. Eré ti bàjẹ́ mọ́ Benin lọ́wọ́. Góòlù mẹ́rin ti wọlé wọn, wọn kò tíì rí ẹyọ kan dá padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, ọmọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Asọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀, bí ahọ́n àjèjì ṣe máa ń ṣe sí orúkọ wa. Ìyá àgbà mi kì í wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀wà ló ń ṣà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ bá orúkọ náà, ó gbójú sókè.

“Ọmọtóyọ̀sí? Ọmọ ta ni?”

A ní ọmọ Kútọnu ni, mà. Ó ní òun kò béèrè ìlú tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, òun ní ọmọ ta ni. Pọbẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá àgbà kó tó wá relé ọkọ ní Ìlaròó, ó sì mọ ìdílé tó ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn nínú wa. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà náà títí eré fi parí.

Ẹni tó jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin lè rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìpókíá, ilé tí kò ní ìbátan lódì kejì kò wọ́pọ̀. Kútọnu la ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè Benin, ì báà jẹ́ Kétu lèèyàn ń lọ, tàbí Sakété, tàbí Pọbẹ̀, tàbí Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ di Porto-Novo. À ń lọ síbẹ̀ sìnkú, à ń lọ gbéyàwó, à ń lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn náà sì ń wá sọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó fa ìlà gba àárín wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, tí í ṣe ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé Western Yorubaland under European Rule lórí ohun tí ìlà yẹn fi ojú wa rí. Ọdún 1976 ló jáde, mi ò sì tíì ka èyí tó yé mi jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Ìlà tó pín oko àti ọjà ló pín jẹ́sì fún àwọn ọmọ wa, ìyẹn ló sì ń fà á tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Benin kì í fi í jẹ́ eré lásán nílé wa.

Kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn bọ́ọ̀lù Benin kó má dárúkọ Nàìjíríà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá láyé wọn, àwa ni wọ́n bá gbá a. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1959 ni, Dàhọ̀mì ni wọ́n ṣì ń jẹ́, Nàìjíríà sì na wọ́n ní ẹyọ góòlù kan nílé wọn níbẹ̀. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n san ìbẹ̀wò náà padà ní Èkó. Góòlù mẹ́wàá ni Nàìjíríà gbá sílé wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹyọ kan ni wọ́n rí dá padà. Fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sí orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà nà tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí a gbá São Tomé ní 10-0 ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Kò tíì sí èyí tó gbòmìnira nínú àwa méjèèjì ní 1959. Ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló na ọmọ abẹ́ Faransé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kò tíì di ẹyẹ idì pàápàá: jẹ́sì pupa ni wọ́n ń wọ̀, Red Devils lorúkọ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rìn síwájú Dàhọ̀mì. Láti 1949 ni wọ́n ti kó ikọ̀ kan wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Teslim Balógun wà láàárín wọn, púpọ̀ nínú wọn ló sì fẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn òyìnbó wò.

Lẹ́yìn 1959, ọ̀nà àwọn méjèèjì yà pátápátá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Èkó, ó sì gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudá Lawal gbá ọ̀kan. Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì, nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn bá ń fi góòlù mẹ́ta yẹn yangàn, ẹ má bínú sí i. Ní 1994 a tún gba ife náà ní Tunisia, a sì lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, níbi tí Rashidi Yẹkíni ti gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé Bulgaria, tó sì di àwọ̀n mú, tó ń sunkún ayọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, góòlù Òlíḿpíìkì dé láti Atlanta. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ìbátan wa ní Pọbẹ̀ àti Kétu ń bá wa yọ̀, nítorí wọn kò ní tiwọn tí wọ́n máa yọ̀ sí. Benin kò dé Ife Áfíríkà rí títí di ọdún 2004.

Nígbà tí wọ́n sì máa dé ibẹ̀, ta ni wọ́n bá pàdé? Wọ́n wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Gúúsù Áfíríkà ti nà wọ́n ní 2-0, Mọ́rókò ti nà wọ́n ní 4-0. Àwa náà ti gbá méjì sílé wọn, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n relé láìgbá nǹkan kan wọlé, ni Moussa Latoundji bá gbá ọ̀kan wọlé wa. Bí góòlù àkọ́kọ́ tí Benin gbá nínú ìtàn Ife Áfíríkà ṣe jẹ́ pé ilé Nàìjíríà ló wọ̀ nìyẹn. Ní 2008, ìbò tún kó wa pọ̀, a nà wọ́n ní 2-0. Ní 2010 ní Angola, ó tún kó wa pọ̀, pẹ̀nárítì Yakubu Aiyegbeni ló yà wá sọ́tọ̀, 1-0. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí Benin kọ́kọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú àwọn ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tó wà lẹ́yìn jẹ́sì wọn, nítorí ìbéèrè ìyá àgbà. Razak Omotoyossi tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Benin rí ní 2008. Wassiou Oladipupo. Mouritala Ogunbiyi. Lóde òní, Junior Olaitan. Ìwé Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ wọn, kò sí àmì lórí rẹ̀, asọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n a sì máa pè é bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe Ògúnbíyìí láàárín ọjà Ayétòrò, ó kéré tán, ẹnì kan á dáhùn. Ti Tosin Aiyegun tilẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Èkó ni wọ́n ti bí i, Benin ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń bínú sí i nílé ìwòran bọ́ọ̀lù pé ó fi ilé sílẹ̀ lọ sóko. Inú mi kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà, mo sì sọ fún wọn. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí ni ilé, ọ̀hún ni oko?

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ikọ̀ Benin nígbà yẹn. Écureuils ni àwọn Faransé ń pè é. Àwọn ọmọ Nàìjíríà a máa fi wọ́n ṣẹlẹ́yà pé kí ni ọ̀kẹ́rẹ́ lè fi ẹyẹ idì ṣe. Yorùbá tó mọ igbó kì í fojú di ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ọdẹ lè ní ìbọn, ó lè ní ajá, bí ẹranko kékeré yẹn bá ti gun igi tó ga tó ìrókò, ìsàlẹ̀ ni ọdẹ máa wà tí á máa wòkè. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ibi tí a ti ń wọ ilẹ̀ Benin láti Yewa, Ìdírókò ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà gun igi ní 2019 ní Íjíbítì. Wọ́n gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Gánà, ọ̀mì òdo pẹ̀lú Guinea-Bissau, ọ̀mì òdo pẹ̀lú Kamẹrúùnù tó ni ife náà lọ́wọ́. Ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, wọ́n bá Mọ́rókò pàdé. Eré wà ní 1-1 nígbà tí Mọ́rókò rí pẹ̀nárítì gbà ní ìparí, Hakim Ziyech gbá a lu òpó. Wọ́n wọ àfikún àkókò, wọ́n lé Khaled Adénon jáde, ènìyàn mẹ́wàá ló kù, síbẹ̀ wọ́n dúró. Nígbà tó di pẹ̀nárítì àgbáyanjú, Benin yege ní 4-1. Wọn kò tíì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ife Áfíríkà kankan láàárín àkókò eré láti 2004, wọ́n sì ti wà láàárín àwọn mẹ́jọ tó kù nílẹ̀ Áfíríkà. Sẹ̀nẹ̀gà ló wá fi góòlù kan dá wọn padà sílé. Nàìjíríà ṣe ipò kẹta nínú ìdíje kan náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Benin àti Mọ́rókò yẹn ni mo rántí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Oṣù kan ó lé lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Ìrẹsì àti ìfàyàwọ́ ni wọ́n ní ó fà á. Èmi kò sọ pé kò sí ìfàyàwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ọ̀nà mọ́, àwọn tó ń ta tòmátò àti gàrí wà nínú wọn, àwọn tó ń lọ wo ìyá wọn tó ń ṣàìsàn wà nínú wọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù tún pàṣẹ pé ọkọ̀ epo kò gbọdọ̀ gbé bẹntiróòlù dé ilé epo kankan tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ẹni tó bá mọ Yewa mọ iye ìlú tí ìlà ogún kìlómítà yẹn gbé mì.

Ọjọ́ keje lẹ́yìn àṣẹ náà, Nàìjíríà gba Benin lálejò ní Uyo. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú ẹnubodè, bẹntiróòlù sì ti di ohun tí wọ́n ń fi ìgò tà ní kọ̀rọ̀. Níbi tí mo ti wò ó, onílé ìwòran fi owó kún owó ìwọlé, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wa. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Steve Mounié fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé Nàìjíríà. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, àfi igun kan lẹ́yìn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti fò sókè. Àwọn ọmọ tó wá ṣiṣẹ́ kọ́ńkéré láti òdì kejì ni, ẹnubodè tì mọ́ wọn síbí. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Victor Osimhen fi pẹ̀nárítì dá a padà, Samuel Kalu gbá ìkejì, ó parí ní 2-1. Nígbà tí ẹ̀rọ kú, a jọ fi iná fóònù wá bàtà wa nínú òkùnkùn.

Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè, ṣùgbọ́n ti Ìdírókò kò ṣí fún ẹrù gidi títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Láàárín méjèèjì, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2021, ó di dandan kí Nàìjíríà lọ bá Benin gbá bọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́. Láti Ìdírókò, Àjàṣẹ́ kò jìnnà; ẹni tó gun ọ̀kadà kò ní pẹ́ kó tó débẹ̀. Mo ti ń ro ó lọ́kàn pé bóyá bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù á gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kí àwọn ọmọ iléèwé dúró lẹ́bàá títì kí wọ́n juwọ́ sí wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ láti Èkó. Orí omi ni wọ́n gbà lọ, orí omi ni wọ́n gbà bọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí gbogbo wa la mọ bí títì Èkó sí ẹnubodè ṣe rí. Síbẹ̀ ó dùn mí. Eré náà wà ní òdo sí òdo títí tí àkókò fi tán, kí Paul Onuachu tó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní àfikún ìṣẹ́jú.

Gernot Rohr, ọmọ Jámánì, ló ń darí Nàìjíríà lọ́jọ́ méjèèjì yẹn. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Ní 2022, Benin bọ́ orúkọ ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn di Guépards, ẹranko asáré tó jọ ẹkùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ṣì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ní 2023, wọ́n gba Rohr síṣẹ́. Ó ti lo ọdún márùn-ún ó lé nínú ilé wa, ó mọ ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń tètè rẹ̀. Nígbà tí ìbò ìpegedé fún Ife Àgbáyé ọdún 2026 tún kó wa pọ̀, àwọn àgbà ìdí bọ́ọ̀lù ní Ìlaròó mi orí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni. Ilé Benin ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí pápá tí àjọ CAF fọwọ́ sí lò nílé, nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí Abidjan. Ẹ wo ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ará Ọjà-Ọ̀dàn ì bá jẹ oúnjẹ àárọ̀ kó tó lọ wò. Raphael Onyedika gbá ti Nàìjíríà wọlé. Jodel Dossou dá a padà. Kí wọ́n tó sinmi, Mounié fi orí kan ìkejì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Benin 2, Nàìjíríà 1. Finidi George kọ̀wé fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan sí i. Ìyá àgbà mi ti papò dà nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí èmi ń pè ní àǹtí, tó ń ta aṣọ ní Pọbẹ̀, ló pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ń rín, títí káàdì fóònù rẹ̀ fi tán.

A san díẹ̀ padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, 3-0 ní Uyo, nínú ìdíje ìpegedé fún Ife Áfíríkà. Ní oṣù kọkànlá a gbá ọ̀mì 1-1 ní Abidjan. Àwa méjèèjì la jọ pegedé lọ sí Mọ́rókò. Ìyẹn ni èsì tó dára jù lójú mi nínú gbogbo ohun tí mo ti ń kà bọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó jó nítorí rẹ̀.

Ti Ife Àgbáyé ló wá le. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkẹyìn, 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Benin ló wà lókè ìsọ̀rí náà pẹ̀lú àmì 17, Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ní Kigali, Tosin Aiyegun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Benin fi na Rwanda. Bí wọ́n bá borí ní Uyo, wọ́n ń lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí ìrókò. Mo jókòó nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìlaròó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wọ jẹ́sì àwọ̀ ewé. Osimhen gbá àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta. Òun náà ló gbá ìkejì, òun ló gbá ìkẹta. Frank Onyeka fi ìkẹrin dé e. Gbogbo ilé ń pariwo. Mo pariwo pẹ̀lú wọn, irọ́ ni bí mo bá ní n kò pariwo.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ka iye àmì síta. Gúúsù Áfíríkà ti na Rwanda ní 3-0, wọ́n ti di 18. Nàìjíríà 17, Benin 17. Góòlù mẹ́rin tí a gbá kò gbé wa dé Ife Àgbáyé. Ipò kejì ló gbé wa dé, ó sì já Benin bọ́ sí ìkẹta. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Congo ti Kinshasa fi pẹ̀nárítì lé àwa náà jáde ní Rabat. Ọmọ ìyá méjì wọ̀yá ìjà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tó wọlé.

Àǹtí mi pè lálẹ́ ọjọ́ Uyo yẹn. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Ó wá ní, “Ẹ nà wá.” Mo ní kí ó máa bínú. Ó ní kò burú, ó dìgbà mìíràn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, ó tún pè. Benin ti na Botswana ní ẹyọ góòlù kan ní Mọ́rókò. Láti 2004, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti gbá ní Ife Áfíríkà, èyí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n borí láàárín àkókò eré. Ariwo ọmọdé pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ débi pé n kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí.

“A nà wọ́n!” ló ń pariwo. “Ṣé o gbọ́? A nà wọ́n!”

“Mo gbọ́, àǹtí,” ni mo dáhùn. “A nà wọ́n.”